Ta ló ń béèrè ọmọ tí ò wá sílé ìwé?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ara ọmọ mi gbóná, mo ní kó máa sùn, mo wá gbàgbé láti pe ilé ìwé wọn ní England níbí, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ò tíì lù tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì fi wọlé sórí fóònù mi pé ọmọ yín ò sí ní kíláàsì, níbo ló wà? Nígbà tó dọ̀sán wọ́n tún pè, wọ́n ní ara ẹ̀ ńkọ́. Àkúrẹ́ lọkàn mi lọ tààrà.

Ní 2006, JSS2 la wà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ. Wọ́n lé àwọn tí ò tíì san owó PTA jáde lórí àsẹ́ḿbìlì, ó sì bá wọn lọ, bírò ẹ̀ ṣì wà lórí dẹ́sìkì torí ó rò pé òun máa padà lọ́jọ́ kejì. Tíṣà ń pe orúkọ ẹ̀ láràárọ̀, àwa náà ń dáhùn pé kò wá sà, títí wọn ò fi pè é mọ́. Ẹnì kankan ò délé wọn. Ọjà Ọba ni mo ti wá rí i, abọ́ píọ̀ wọ́tà lórí, bó ṣe rí yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn mi báyìí ló yà sẹ́yìn ìsọ̀ àwọn aláta.

Òfin wà o. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní Nàìjíríà, ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́, dandan sì ni, láti praímárì títí dé JSS3, òbí tó bá ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, fáìnì 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Èmi ò gbọ́ rí pé wọ́n mú ẹnì kankan. Ní England níbí, £80 ni fáìnì lórí òbí kọ̀ọ̀kan, tí wọn ò bá san án láàárín ọjọ́ 21 ó di £160, wọ́n sì ń gbà á, síbẹ̀ látìgbà kòrónà làwọn ọmọ tó ń pa ilé ìwé jẹ ti pọ̀ sí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé fáìnì yẹn dé Ondo rárá. Ìyá tí ò rówó PTA san, níbo ló ti fẹ́ rí ti fáìnì? Láti 1955 tí Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ là ń pè é ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn owó wẹ́wẹ́ yìí ló ń lé ọmọ jáde, tọ́mọ bá sì ti jáde tán kò sẹ́ni tó máa wá a lọ.

Mo pe àǹtí mi tó ń ṣe tíṣà ní Ìjọ̀ka ní Àkúrẹ́, ó ní ṣé owó oṣù òun lòun á fi máa ra káàdì pe òbí ni, òótọ́ sì ni. Mo fi owó káàdì ránṣẹ́. Lánàá ó pe ilé ọmọ mẹ́ta tí wọn ò wá láti ọ̀sẹ̀ kan, méjì ti wá láàárọ̀ yìí. Ìkẹta, nọ́ńbà ìyá ẹ̀ ò lọ, àǹtí mi ní tóun bá ń lọ sọ́jà lọ́jọ́ Sátidé òun á gba ilé wọn kọjá.