Ìdúpẹ́ Tí Màámi Fẹ́ Ṣe

21 oṣù Kẹjọ, Abẹ́òkúta

Irú ọjọ́ òní, lọ́dún 1846, ni Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther fojú kan ìyá rẹ̀ ní ìlú wa yìí, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Ọdọọdún ni mo máa ń rántí rẹ̀. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ mẹ́nu bà ni ẹsẹ Bíbélì tó bọ́ sí ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà tó ń lò, èyí tó pe Ọlọ́run ní olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba nínú Sáàmù kẹwàá. Ó ní òun kò tíì rí agbára ẹsẹ náà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sọ bí ìyá òun ṣe wá òun wá. Nígbà tí ìyá rí i, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ nínú wọn, omijé ń dà lójú ìyá. Ìgbà tí ìyá sì máa lahùn, àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà fi ń pe Àjàyí ní kékeré ló fi ń pè é. Ìyá àgbà yẹn ti kú sínú oko ẹrú.

Ibi orúkọ ìkẹ́ yẹn ni omi máa ń bọ́ lójú mi, bó ti wù kí n ti kà á tó.

Ogun tó kó wọn ní Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ní 1821, bàbá Àjàyí bá a lọ. Àjàyí fúnra rẹ̀ kò ju bí ọmọ ọdún 12 tàbí 13 lọ. Wọ́n fi okùn so òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, nígbà tó sì yá wọ́n pín wọn níyà. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún dá a padà, ó wá ń ti ọwọ́ èyí bọ́ sọ́wọ́ tọ̀hún títí tó fi dé etíkun. Ó kọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé ìbànújẹ́ ọkàn náà pọ̀ débi pé òun gbèrò àtigba ẹ̀mí ara òun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ àwọn Potogí tó kó o dúró lójú òkun, wọ́n sì kó gbogbo wọn lọ sí Freetown ní Sàró.

Lórí àga ìwàásù, kíá la máa ń fo gbogbo ìyẹn kọjá ká lè dé 1846. Ọmọ sọnù, ọmọ délé, ẹ gbé orin! Inú mi máa ń dùn sí i, mo sì máa ń bá wọn jó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àbúrò mi ti lọ, ọdún 25 tó wà láàárín yẹn ni ọkàn mi máa ń dúró lé. Kí ni Afala, ìyá Àjàyí, ń jí bá láràárọ̀?

Àbígbẹ̀yìn Màámi ni àbúrò mi yìí. Ó gba Kánò lọ sí Agadez, ó ní Líbíà lòun ń lọ, pé láti ibẹ̀ òun á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù. Ó pè wá nígbà tó dé Sabha. Ó ní ara òun le, pé òtútù aṣálẹ̀ lóru kò ṣeé fẹnu sọ, ó sì ní kí n bá òun kí àwọn ọ̀rẹ́ òun. Nọ́ńbà yẹn kò wọlé mọ́ láti ìgbà náà. Ọdún ti gorí ọdún. Àwọn àgbà wa ní "ọmọ mi kú" yá ju "ọmọ mi nù" lọ, mo sì ti rí ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kú, a ó sin ín, a ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, a ó padà sídìí iṣẹ́. Ẹni tó nù kò jẹ́ kéèyàn mọ èyí tí yóò ṣe.

Màámi lọ síbi tí gbogbo ìyá ń lọ. Ó gun òkè àdúrà, ó gbààwẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ fi yọ egungun. Aríran kan ní ọmọ náà á wọlé kí Kérésìmesì tó dé. Òmíràn gbowó àbẹ́là àti òróró. Kérésìmesì dé, ó kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì padà wá sọ nǹkan kan fún wa. Ọdún yẹn ni mo bẹ̀rù pé ìyá mi náà máa lọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìyípadà dé bá Màámi, ṣùgbọ́n kò rí ìran kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n yan lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Fílípì fún ẹ̀kọ́ Bíbélì Ẹgbẹ́ Ìyá, àlùfáà wa sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó ń kọ ọ́, kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n á pa òun tàbí wọ́n á dá òun sílẹ̀, síbẹ̀ ó ń sọ fún àwọn tó wà nílé pé kí wọ́n máa yọ̀. Màámi dé láti ẹ̀kọ́ náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, ó ní kí n ka orí kẹrin fún òun. Mo kà á: ẹ má ṣe àníyàn ohunkóhun, ṣùgbọ́n nínú ohun gbogbo, nípa àdúrà àti ẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ìdúpẹ́. Ó ní kí n tún un kà. Ó wá ní, "Mo ti ń gbàdúrà. Ẹ̀bẹ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí ohùn fi há. Ìdúpẹ́ yẹn ni mi ò tíì fi sí i."

Mo ti wá wo ẹsẹ tó tẹ̀ lé e dáadáa. Kò ṣèlérí pé ohun tí a béèrè á tẹ̀ wá lọ́wọ́. Àlàáfíà Ọlọ́run ló ṣèlérí, pé yóò máa ṣọ́ ọkàn àti èrò wa nínú Kristi Jésù. Ìyẹn gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi, ojú mi ló sì ṣe. Mi ò sọ pé kì í sunkún mọ́. Ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n ó ń sùn lóru, ó ń jẹun, ó sì ń rẹ́rìn-ín tí àwọn ará ilé kejì ń gbọ́.

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé atẹ ẹ̀wà lé ẹsẹ̀, ó ń ṣa òkúta kúrò. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ìka ló fi ń wá a. Bó ṣe ń ṣà á ló ń dárúkọ wa fún Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́bí. Ó dé orí èmi, ó dárúkọ ọkọ mi àti àwọn ọmọ, ó dárúkọ ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó ń yọ mí lẹ́nu. Ó dé orí àbúrò mi. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "Ibi tó bá wà, Baba, jẹ́ kó rẹ́ni fún un lóúnjẹ lónìí." Ó wá dárúkọ ẹnì kan sí i tí kì í ṣe ọmọ ilé wa.

Ọmọ Tógò kan nìyẹn, bíríkìlà, tó háyà yàrá kan lẹ́yìn ilé wa. Yorùbá rẹ̀ kò tíì já geere. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ibà dá a dùbúlẹ̀, kò sì mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Màámi ló gbọ́ tí ẹnì kan ń kérora láti ojú fèrèsé, ló bá lọ kanlẹ̀kùn. Ó se ẹ̀kọ fún un, ó rán mi lọ ra oògùn, ó sì bá a fọ aṣọ tó kún fún sìmẹ́ńtì. Mo ní, "Màámi, ẹ ẹ̀ mọ̀ ọ́n rí o." Ó ní, "Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ náà ń wojú ọ̀nà níbì kan." Láti ìgbà yẹn, abọ́ kan wà nílé wa tó jẹ́ tirẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wá kí Màámi lórí ìkúnlẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́, á bá a fa omi, á jẹun, á sì lọ.

Níbẹ̀ ni mo ti wá rí ìdáhùn díẹ̀ sí ohun tí mò ń bi ara mi nípa Afala. Ní gbogbo ìgbà tí Afala ń sunkún ọmọ rẹ̀, ẹnì kan ti gba ọmọ náà sílé. Ní Bathurst, ìletò kan lẹ́yìn Freetown, àwọn míṣọ́nárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, kọ́ ọ ní ìwé, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n fún un láṣọ. Ní 11 oṣù Kejìlá, 1825, wọ́n rì í bọmi. Afala kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ òun ń jẹun, pé ó ti gbéyàwó, pé ó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìfẹ́ Ọlọ́run ti wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí ojú rẹ̀ kò dé, ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀ ló sì gbà ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé abọ́ ọmọ Tógò yẹn àti àdúrà tí Màámi ń gbà lórí atẹ ẹ̀wà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àlàáfíà tí Kristi fún un ló jẹ́ kí àyè wà lọ́kàn rẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíì. Ọkàn tó ń gbóná kò gbàlejò. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí mo ti gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú Màámi nígbà tí tirẹ̀ ń gbóná.

Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Afala fúnra rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1848, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á nílùú yìí. Hánà ni wọ́n sọ ọ́. Hánà, ìyá Sámúẹ́lì! Kò sẹ́ni tó lè wá orúkọ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàhálà kò sì tán lára ọmọ rẹ̀ nítorí pé ìyá àtọmọ ti ríra. Ní 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò joyè náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní 1890, nígbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì òyìnbó wá sí Odò Ọya, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀ nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó míṣọ̀n, wọ́n sì tàbùkù rẹ̀ ní gbangba. Ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ ìnáwó yẹn, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere títí ọlọ́jọ́ fi dé ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Ọmọ tí ikú ti wù nígbà kan, tó sì di arúgbó tí àbùkù kò lè lé kúrò lọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀: ohun tí mo kà sí àlàáfíà tó dúró pẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ nǹkan lálẹ́ yìí ni ti ìkórè. Màámi fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ lórí àbúrò mi lọ́jọ́ ìkórè ọdún yìí. Kò sí ìròyìn kankan o. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Èkó, inú bí i. Ó ní kí la fẹ́ sọ pé Ọlọ́run ṣe? Pé àwọn èèyàn á rò pé ọmọ ti dé, wọ́n á máa wá kí wa, kí la fẹ́ wí fún wọn? Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ló ń bà á, mo mọ̀, torí pé òun àti àbúrò mi yìí sún mọ́ra gan-an. Màámi jẹ́ kó sọ tán. Ó ní, "Ọkọ mi, mo gbọ́. Ohun tí mi ò tíì rí, mò ń bẹ Ọlọ́run fún un. Ohun tí mo ti rí ni mo fẹ́ dúpẹ́ fún. Mo bí i, kò kú mọ́ mi nínú. Ó ṣàìsàn, ó yè é. Ó pè mí ní Sabha, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ta ló ṣe gbogbo ìyẹn?" Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ lórí fóònù. Nígbà tó yá, ó béèrè irú aṣọ tí a máa wọ̀.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àlùfáà ní ìrọ̀lẹ́. Ó kọ orúkọ sílẹ̀, ó dé ibi ìdí ìdúpẹ́, ó wò mí. Mo ní kó kọ "fún ẹ̀mí ọmọ wa." Ó kọ ọ́. Iṣu ogún, epo jálá mẹ́wàá àti àgbò kan ni Màámi ní òun fẹ́ gbé lọ síwájú pẹpẹ. Ọmọ Tógò ti ní òun ló máa fa àgbò náà.