Kí ẹ tó san owó ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ẹ̀yà ara rẹ̀ ní Ládípọ̀

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì wà nínú báńdéèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba orí afárá Third Mainland padà sílé mọ bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ṣe máa ń rí, nítorí náà n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún yín.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ gbé ìyá mi, ẹni ọdún 71, ní ilé ìwòsàn kan ní Erékùṣù Èkó, a sì ń lọ sí Ọ̀jọ́dù. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ilẹ̀ Jámánì onísílíńdà mẹ́fà ni mo ń wà, èyí tí mo rà nítorí pé ó wù mí lójú. A ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń yà sí Adékúnlé nígbà tí mo rí i pé abẹ́rẹ́ ìgbóná ẹ́ńjìnnì ti ń gòkè. Mo rí i, síbẹ̀ n kò dúró, nítorí pé dánfó kan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, òmíràn ń ti imú bọ iwájú mi, èmi náà sì ń bá wọn du àyè. Kò pẹ́ tí èéfín funfun fi bo gíláàsì iwájú, ọkọ̀ sì kú sí àárín ọ̀nà.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi aṣọ di ọmọrí rédíétọ̀ mú. Ìyá mi ké láti inú ọkọ̀ pé, "Àkànní, má fọwọ́ kàn án!" Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, omi ti tú sí mi lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Omi inú rédíétọ̀ máa ń gbóná kọjá ìwọ̀n ooru 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius láìhó nítorí pé ibi tí ó wà há mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti ṣí ọmọrí náà, ṣe ni yóò hó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ dókítà, sọ̀ kalẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó da omi tí a fẹ́ mu sí i, ó sì fi wé ọwọ́ mi. Títí di òní, bí mo bá dijú, irun funfun orí rẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀ tí ń sáré kọjá ni mo ń rí.

Wọ́n fa ọkọ̀ délé. Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ pa, ti jó, mo tà á bó ṣe wà, mo sì ra Corolla onísílíńdà mẹ́rin.

Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ní kíá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ọmọrí kankan títí yóò fi tutù. Ẹ jẹ́ kí dánfó tí ó fẹ́ kọjá máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé n kò tọ́jú ọkọ̀ mi: ní gbogbo kìlómítà 5,000 ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Àìrí ẹ̀yà ara ọkọ̀ rà ni ó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì ṣáájú ni ẹ̀rọ tí ń fa omi káàkiri ẹ́ńjìnnì ti ń jò. Mẹkáníìkì mi wá a káàkiri Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó wà ní Múṣin, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní i. Ẹ jẹ́ kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ná." Gọ́ọ̀mù yẹn ni ó yọ lórí afárá. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, iye epo tí ọkọ̀ ń jẹ nìkan ni a ń bi ara wa bí a bá fẹ́ ra ọkọ̀. Ó yẹ kí a béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n epo wà ní gbogbo ilé epo. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ mi kò sí ní gbogbo Múṣin.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ orúkọ ọkọ̀ náà àti ọdún rẹ̀ sínú ìwé, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Ládípọ̀, kí ẹ sì béèrè iye tí ẹ̀rọ tí ń fa omi káàkiri ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́. Bí àwọn tí ó ń tà á bá nawọ́ sẹ́yìn tí wọ́n sì gbé e lé yín lọ́wọ́, ẹ lọ ra ọkọ̀ náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀, ẹ máa lọ sílé pẹ̀lú owó yín.