Káàdì Lounge Nígbà Tí Ọkọ̀ Òfurufú Bá Jẹ́ Ti Alábàáṣepọ̀

Ọ̀pọ̀ arìnrìnàjò gbà pé káàdì lounge, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń wọ yàrá ìsinmi ní pápákọ̀ òfurufú, nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn. Ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an ni òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ń yẹ̀ wò: iléeṣẹ́ wo ló ń fò ó, ibo ló ń lọ, aago mélòó ló máa gbéra. Bó bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ tó fún yín ní káàdì, wàhálà kì í sábà sí. Ìgbà tó bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ alábàáṣepọ̀ rẹ̀ ni nǹkan máa ń dojú rú, ọjọ́ tí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ni ìdojúrú náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi káàdì mẹ́ta ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí èèyàn fi ọkọ̀ wíwọ̀ gbà, tí ipò rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ káàkiri ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta ni: Star Alliance tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, oneworld ní 1999, àti SkyTeam ní 2000. Ní Star Alliance, ipò Gold ló ń wọ lounge. Ní oneworld, Sapphire àti Emerald ni. Ní SkyTeam, Elite Plus ni. Silver, Ruby àti Elite lásán kò wọlé. Èkejì ni káàdì tí ẹ fowó ọdọọdún rà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan, bíi United Club, Admirals Club ti American Airlines tàbí Delta Sky Club. Kò fún yín ní ipò kankan nínú ẹgbẹ́. Kìkì lounge alábàáṣepọ̀ tí iléeṣẹ́ náà bá dárúkọ nínú àdéhùn ló ń wúlò fún. Ẹ̀kẹta ni irú Priority Pass, káàdì tí iléeṣẹ́ tí kò ní ọkọ̀ òfurufú ń tà, tó ti wà láti 1992, tí kò béèrè ọkọ̀ ta lẹ fẹ́ wọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹni tó ní oríṣi kejì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ní àkọ́kọ́.

Ẹ wá wo ẹni tó ń fò ọkọ̀ náà gan-an. Nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ti òmíràn. Ìlà tí wọ́n kọ "operated by" (ẹni tó ń fò ó) sí ló ń tú àṣírí. Láti 2013 ni Qantas àti Emirates ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, Qantas sì ń ta ìjókòó nínú ọkọ̀ Emirates pẹ̀lú nọ́ńbà QF tirẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ oneworld ni Qantas, Emirates kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ẹni tó gba Sapphire lọ́dọ̀ British Airways, tó wá ra irú tíkẹ́ẹ̀tì QF yìí, kò ní ẹ̀tọ́ sí lounge oneworld torí ìrìnàjò náà, nítorí pé oneworld ní kí nọ́ńbà àti ọkọ̀ jọ jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ a tún máa pààrọ̀ ẹgbẹ́. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2024 ni SAS, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Scandinavia, lò kẹ́yìn nínú Star Alliance, ọjọ́ kejì ló bọ́ sí SkyTeam. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ èèyàn pé kí wọ́n wo ojú ìwé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n má gbára lé ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn.

Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, ìyẹn nọ́ńbà yín nínú ètò tí iléeṣẹ́ fi ń ka máìlì tí ẹ fò, ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ká ní Gold ni yín nínú ShebaMiles, irú ètò bẹ́ẹ̀ ti Ethiopian Airlines, ẹ sì fẹ́ wọ Lufthansa láti Frankfurt. Ojú ìwé Lufthansa á kọ́kọ́ gbé Miles & More síwájú yín. Ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ ṣí àkójọ orúkọ àwọn ètò, ẹ mú ShebaMiles, kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà yín. Bí orúkọ inú ShebaMiles kò bá bá ti ìwé ìrìnnà mu, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ ọ́, kó má sì sọ fún yín. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn tàbí aṣojú lẹ ti rà á, kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì yín, tó jẹ́ àmì mẹ́fà (lẹ́tà àti nọ́ńbà), lè di méjì, ti ẹni tó tà á àti ti ẹni tó ń fò ó. Ẹ béèrè èkejì, kí ẹ fi wọ ojú ìwé iléeṣẹ́ tó ń fò, kí ẹ fojú ara yín rí i pé nọ́ńbà náà dé ibẹ̀. Nọ́ńbà kì í fìgbà gbogbo rìn láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì.

Nígbà tí boarding pass (ìwé ìwọkọ̀) bá jáde, ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níwájú káńtà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, ó yẹ kí ẹ rí *G tàbí Gold bó bá jẹ́ ti Star Alliance. Ti oneworld á kọ Emerald tàbí Sapphire. Ti SkyTeam á kọ Elite Plus. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí òṣìṣẹ́ fi nọ́ńbà sí i, kó sì tẹ òmíràn fún yín, torí èyí tó ti jáde kò lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ mú káàdì gan-an dání, tàbí àwòrán rẹ̀ nínú áàpù. Ẹni tó bá fẹ́ kí máìlì rẹ̀ lọ sí ètò mìíràn lè ní kí wọ́n pààrọ̀ nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà ìwọkọ̀, lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú lounge. Ẹ má ṣe é ṣáájú kí wọ́n tó gba ẹrù yín, torí ẹrù àfikún tí ipò yín fún yín á bá nọ́ńbà àtijọ́ lọ.

Ibi tí ẹ ti gba ipò náà tún ṣe pàtàkì. Ẹni tó jẹ́ Gold lọ́dọ̀ United kò lè torí ipò yẹn wọ United Club lórí ìrìnàjò abẹ́lé Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Gold láti iléeṣẹ́ Star Alliance mìíràn lè wọ̀ ọ́. Ní SkyTeam, ìrìnàjò tó kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè ni Elite Plus ń tẹ̀ lé. Àlejò kan ṣoṣo ni àwọn ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà, òun náà sì gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ ẹgbẹ́ náà í wọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lounge kan náà kọ́ ni gbogbo èèyàn ń wọ̀. Ní Changi, pápákọ̀ òfurufú Singapore, ẹni tó jẹ́ Star Alliance Gold tó jókòó ní economy, KrisFlyer Gold Lounge ni wọ́n máa darí rẹ̀ sí, SilverKris, lounge ńlá ti Singapore Airlines, kọ́. Ní Doha, tíkẹ́ẹ̀tì business class ló ń wọ Al Mourjan, lounge Qatar Airways tó wà nínú oneworld. Sapphire tó wà ní economy ní lounge tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ tún yẹ tẹ́mínà wò: bí lounge bá wà lẹ́yìn ibi àyẹ̀wò ààbò tí boarding pass yín kò lè kọjá, kò sí káàdì tó lè gbé yín débẹ̀.

Ti àkókò kò gùn. Delta Sky Club kì í gbani wọlé ju wákàtí 3 ṣáájú ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra. Star Alliance gba ọkọ̀ ọjọ́ náà tàbí èyí tó gbéra kó tó kọjá aago 5 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Lounge tó ń gba Priority Pass lè kọ̀ yín nígbà tó bá kún. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbéra pọ̀ ló burú jù, torí náà ẹ wo áàpù wọn bóyá ó gbà kí ẹ gba ààyè sílẹ̀.

Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. "Nọ́ńbà yín kò sí níbí" àti "ọkọ̀ yín kì í ṣe ti ẹgbẹ́ wa" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà: ti àkọ́kọ́, káńtà àwọn tó ń pààrọ̀ ọkọ̀ á tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ti èkejì, ẹ má fi àkókò ṣòfò, Priority Pass tàbí owó wíwọlé ọjọ́ kan ló kù.