Ẹ má kun bọ́lẹ̀kájà yẹn lọ́dà

Gàràjì Ọ̀ffà n'Ílọrin lẹ ó ti wọkọ̀. Ẹ bá wọn sọ owó ẹrù kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé báàgì yín sí búùtù. Báàgì kékeré kan ni wọ́n fẹ́ gba owó odidi èrò kan lé lórí, ìgbà tí wọ́n sì ti pa búùtù dé tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Àríyànjiyàn yẹn ò tán títí a fi dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Wọ́n ní ìjàkadì l'orò Ọ̀ffà. Àṣé inú gàràjì ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bọ́lẹ̀kájà kan, ọkọ̀ èrò onípákó ayé àtijọ́, la wá wò. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà. Bedford ni iwájú àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìlú òyìnbó ló ti wá; ara pákó tó wà lẹ́yìn, gbẹ́nàgbẹ́nà ilé níbí ló kàn án. Ohun tó jẹ́ kó yẹ ní mùsíọ́mù nìyẹn. Ìjókòó rẹ̀ ò ní fóòmù, pákó gbọọrọ ni. Àwọn kan ní bí èrò ṣe ń kọjú síra wọn, tí orúnkún ń gbá orúnkún, ló bí "bọ́ọ́lẹ̀ ká jà". Àwọn mìíràn ní àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń du èrò mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni.

Bàbá tó ni ín fẹ́ kùn ún kó lè máa dán. Háà! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síwájú pákó yẹn, tí ọ̀dà tuntun bá ti bò ó, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ yípo, kí téèpù ìwọ̀n hàn nínú fọ́tò. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku. Omi ọṣẹ ò gbọdọ̀ kan ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí.

Ilẹ̀ gan-an ló ń pa á. Táyà ti jò, ìdí ọkọ̀ ti kanlẹ̀, ikán sì ti gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ pákó ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, á wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ fi jáàkì gbé e lábẹ́ ṣáàsì, kì í ṣe lábẹ́ pákó, kí ẹ sì gbé e lé búlọ́ọ̀kù tí ò ní ihò nínú, torí oníhò lè là. Ẹ fa epo àti omi rédíétọ̀ jáde, kí ẹ yọ bátìrì kí ásíìdì má baà jẹ irin. Ẹ má da tapólì lé e lára: ara ọkọ̀ á máa làágùn lábẹ́ rẹ̀ lóru, ìpẹtà á sì dé. Òrùlé páànù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló dáa jù.

Ibi tí ikán jẹ nìkan ni kí wọ́n gé. Kí wọ́n kọ ọdún sẹ́yìn pákó tuntun, kí wọ́n sì tọ́jú èyí tí wọ́n yọ.

Ìrẹsì tá a jẹ lójú ọ̀nà ò dùn, ẹran rẹ̀ ò sì ju ìka lọ. Ẹ̀wà ni kí ẹ rà.

Èsìẹ́ ò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ṣí mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní 1945, nítorí ère òkúta. Àmọ́ òkúta lágbára láti dúró de ìjọba. Àwọn oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ti wá wo ẹ́ńjìnnì Bedford náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti pákó, wọ́n ní kí bàbá máa fi dáná.