Mo tú aago bàbá mi palẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Aago ọwọ́ bàbá mi, Seiko 5 àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀ ń jẹ́ 7009, ni mo fi gbogbo Sátidé tú. Kò lo bátìrì, ẹ ò sì lè fọwọ́ wáìńdì ẹ̀, irin wúwo kan tó rí bí ìlàjì owó ẹyọ ló wà lẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe ń ju apá ló ń yí, kó yí sọ́tùn-ún, kó yí sósì, ó ń wáìńdì sípíríǹgì náà ni. Ọdún 1959 ni Seiko ti gbé ọgbọ́n tiwọn fún yíyí sọ́tùn-ún sósì yẹn jáde, ó ṣì ń wù mí gan-an.

Sípíríǹgì yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú agbára inú ẹ̀ sílẹ̀ o! Mo fi súkúrúdíráfà di ìdè àárín jíà ńlá mú, mo fi igi ìtayín rọra fa irin kékeré tó há a sẹ́yìn, mo wá jẹ́ kó máa yí padà díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin kékeré tó ń dá àwọn jíà dúró tó sì ń tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láì ṣe ìyẹn, àwọn jíà á sáré àsápajúdé, nǹkan lè kán.

Òróró inú ẹ̀ ti gan bí àtè. Epo láítà ni mo fi fọ̀ ọ́. Mi ò ri fọ́ọ̀kì sínú sípíríìtì ṣá, torí shellac, irú gọ́ọ̀mù kan, ni wọ́n fi lẹ òkúta pupa ara ẹ̀, sípíríìtì sì máa yọ́ ọ.

Nígbà tí mo dá báláńsì, ìyẹn àgbá kékeré tó ń mì síwá sẹ́yìn láti ka àkókò, padà, kò mira. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀, ló bá gbéra, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní sẹ́kọ́ńdì kan, 21,600 ní wákàtí. Mo gbé e sétí, ohùn tí mo máa ń gbọ́ tí bàbá mi bá gbé mi sápá ni.