4294967297: nọ́ńbà tí 641 tú àṣírí rẹ̀

Bí ẹ bá ṣírò 2³², tí ẹ sì fi 1 kún un, 4294967297 ni yóò jáde. Pierre de Fermat, ará Faransé, gbà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé prime ni: nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín kó má ṣẹ́ kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ó nídìí tó fi gbà bẹ́ẹ̀, torí prime ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 3, 5, 17, 257 àti 65537, tí a rí nígbà tí a bá fi 1 kún 2¹, 2², 2⁴, 2⁸ àti 2¹⁶. Ọdún 1732 ni Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, fi hàn pé 641 lọ́nà 6700417 ni àbúrò wọn yìí.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 3, 5, 7, tó ń fi prime kọ̀ọ̀kan pín in, ìgbà 114 ni yóò pín in kó tó kan 641. Euler dín iṣẹ́ yẹn kù. Ó fi ẹ̀rí hàn pé prime yòówù tó bá pín nọ́ńbà yìí, bí a bá yọ 1 kúrò lára rẹ̀, 64 gbọ́dọ̀ pín èyí tó kù. Ó ku 193, 257, 449, 577 àti 641. Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, wá sọ 64 náà di 128 lọ́dún 1878, ó sì ku 257 àti 641 péré.

Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ṣírò rẹ̀. Ẹ má gbé odindi nọ́ńbà náà rù. Àṣẹ́kù nìkan ni kí ẹ máa gbé lọ. 2⁸ jẹ́ 256. 256 lọ́nà 256 jẹ́ 65536; 641 wọ inú rẹ̀ nígbà 102, ó ṣẹ́ ku 154. 154 yìí ló dúró fún 2¹⁶. 154 lọ́nà 154 jẹ́ 23716; 641 wọ ọ́ nígbà 36, ó ṣẹ́ ku 640. A ti dé 2³² nìyẹn. Ẹ fi 1 kún 640, ó di 641, kò sì ṣẹ́ ku nǹkan kan. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, a ò kọ nọ́ńbà kan tó ju 65536 lọ. Ó wù mí púpọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún kọ̀ǹpútà. Ètò tó ń fi bit 32 (àyè 32 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0 tàbí 1) tọ́jú nọ́ńbà tí kò ní àmì òdì kò lè kọjá 4294967295. 2³² á di 0 níbẹ̀, ẹ fi 1 kún un, 1 ló máa gbé jáde, láìkìlọ̀. Bit 64 ni kí ẹ lò.

Èyí tó tún ń tan èèyàn ni ìdánwò Fermat: bí p bá jẹ́ prime tó ju 2 lọ, tí a fi p pín 2 tí a gbé dé agbára p − 1, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku 1. Nọ́ńbà wa yege ìdánwò yìí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe prime! Ìdí ni pé 1 péré ni 2³² fi dín sí i, nítorí náà 2⁶⁴ á ṣẹ́ ku 1. 64 sì pín 4294967296 dọ́gba. Ẹ fi 3 rọ́pò 2, àṣírí á tú.

6700417 wá ńkọ́? Prime tó bá pín in á pín nọ́ńbà ńlá náà, òfin 128 sì mú un. Kò sí ìdí láti kọjá 2588, torí 2589 lọ́nà 2589 ti jù ú lọ. Àwọn tó kù láti dán wò ni 257, 641, 769, 1153 àti 1409. Àṣẹ́kù wọn ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé ni 170, 44, 120, 334 àti 622. Kò sí 0 níbẹ̀: prime ni 6700417.