Ilé olówó pọ́ọ́kú ní Ìbàdàn àtijọ́: kí ẹ tó fi owó sílẹ̀

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Èbúté Mẹ́ta sí Mọ́níyà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn ará wa tó ń gbé Èkó, àti àwọn tó wà lókè òkun pàápàá, ti tún ń fojú sí ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́: owó tí kò tó ra pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Bódìjà lè ra odindi ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Agúgù, ní Fóko tàbí ní Òde-Ajé, tòun ti àwọn ayálégbé tó ń sanwó nínú rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Yemẹtu, nítorí náà n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó má rà á. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń rò ó mọ̀ ni pé owó pọ́ọ́kú yẹn kò ṣàdédé wáyé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ẹbí tí kò tíì yanjú ló fà á, ẹni tí kò bá sì rí i pé ó yanjú kí ó tó sanwó lè máa yanjú rẹ̀ ní kóòtù lẹ́yìn tó bá ti sanwó tán.

Ẹni tó bá dúró sí orí òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngán ńlá tó ti wà láti ọdún 1929 wà, yóò rí òrùlé páànù tó ti dógùn-ún lọ súà. Ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú ló pọ̀ jù lábẹ́ òrùlé wọ̀nyí. Àwọn ọmọ tó rọ́wọ́ mú nínú ìdílé wọn ti kó lọ sí Akóbọ̀ àti Olúyọ̀lé, iṣẹ́ olówó oṣù tó wà ní ìgboro sì ti dín kù gan-an sí ìgbà tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀nà tóóró tí mọ́tò kò lè gbà tún ń já owó ilé wálẹ̀, nítorí pé orí ni wọ́n fi ń ru yanrìn àti búlọ́ọ̀kù wọ ibẹ̀, owó aláàárù sì máa ń wọ inú owó àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹbí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ewu tó pọ̀ jù lọ wà. Nínú àṣà wa, bí bàbá bá kọ́lé, tó sì kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé náà di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ pátá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Dáwódù ló ń bójú tó o, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bí bàbá náà bá fẹ́ ìyàwó mẹ́ta tí gbogbo wọn bímọ, ìdí-igi mẹ́ta ló wà, ó sì yẹ kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń ṣojú fún un níbi títà. Ìlànà tí àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti ń tẹ̀ lé tipẹ́ kò ṣòro láti lóye: bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títà náà, òfo ni, bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ìdí-igi yòókù, àwọn yẹn lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì ní kí ó fagi lé e. Nínú agbo ilé ńlá, mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo ilé, tún wà lókè gbogbo wọn, ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré torí pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ilé.

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ògiri káàkiri Ìbàdàn tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé náà kì í ṣe fún títà. Kì í ṣe olùrà nìkan ni ẹni tó kọ ọ́ ń bá wí. Nígbà púpọ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ló ń bá wí. Bí ẹ bá rí i, tí ajẹ́ntì sì ní kí ẹ má kà á sí, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ ọ́, ẹ béèrè ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tó mú un kọ ọ́, kí ẹ má sì dákẹ́ títí tí ẹ ó fi gbọ́ ìdáhùn tó ṣe gúnmọ́.

Ní ti ilé wa ní Yemẹtu, àwọn ọmọ bàbá tó ni ilé náà, ìyẹn àwọn tó wà nítòsí nínú wọn, ti fohùn ṣọ̀kan, owó sì ti wà nílẹ̀, nígbà tí àgbà obìnrin kan láàárín wọn sọ fún wa pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká dúró de ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlọrin. Bí wọn kò bá mọ̀ sí i, ẹ̀yin náà kò ní gbádùn ilé yìí.” Inú ajẹ́ntì kò dùn, ó ní ẹlòmíràn ti fẹ́ sanwó, ṣùgbọ́n a dúró. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà dé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: sàréè bàbá wọn wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti máa wá ṣàdúrà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Agbẹjọ́rò kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Ní Ìbàdàn àtijọ́, inú ilé ni wọ́n sábà máa ń sin àgbà sí, nínú yàrá tàbí lẹ́yìnkùlé, ojúbọ ìdílé sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ gbẹ́ sóòkìwéè sí. Ẹni tí kò bá béèrè kí ó tó rà yóò bá a pàdé lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, ìjà tó bá sì ti ibẹ̀ yọ kì í tán bọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ẹbí ni ìwé tó kàn. Láti ìgbà tí òfin lílo ilẹ̀ ti jáde ní ọdún 1978, gbígbé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ ìgboro láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí gómìnà. Ẹ rán agbẹjọ́rò lọ sí Sẹkitéríàtì ní Agodi láti yẹ ìwé wò, kí ẹ sì mú awọnlẹ̀ wá sí orí ilẹ̀ náà.

Ilé amọ̀ lágbára bí omi kò bá dé ara rẹ̀. Bí páànù bá ti ń jò, tí omi sì ń ṣàn sí ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀, ògiri yóò lanu, ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi kun ún nítorí olùrà kò sì ní sọ èyí fún yín. Ẹ gun àjà lọ wò bóyá ikán ti jẹ igi òrùlé. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà òjò, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà kọjá. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti oṣù Kẹjọ ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé èyí tó tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó pa ènìyàn tó lé ní 100, tó sì wó afárá káàkiri ìlú. Ilé tó wà létí odò Ògùnpa tàbí odò Kúdẹtì lè rọjú gan-an, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn. N kò ní ra irú rẹ̀ láéláé, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, nítorí pé ènìyàn ẹlẹ́mìí ni yóò sùn síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó rẹ̀ wò pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ẹ ra ilé oníyàrá 10 ní ₦6,000,000, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú ₦5,000 wá lóṣù. Ajẹ́ntì yóò sọ pé ₦600,000 ni lọ́dún, ìyẹn ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó yín. Ṣùgbọ́n yàrá méjì lè ṣófo, kí ayálégbé kan sì ti jẹ gbèsè ọjọ́ pípẹ́, kó wá ku yàrá méje tó ń san ₦420,000. Ẹ yọ ₦150,000 kúrò fún páànù, ṣáláńgá tó kún àti àtúnṣe kéékèèké. ₦270,000 ló kù, kò sì tó ìdá 5. Ní ọdún 2024, àwọn oṣù kan wà tí ẹni tó yá ìjọba àpapọ̀ lówó fún ọdún kan nípasẹ̀ tírẹ́ṣọ́rì bíìlì ń rí ju ìdá 20 lọ, láìtún ohunkóhun ṣe. Ohun tó jẹ́ kí n ṣì gbà pé ilé dára ni pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ju ìdá 30 lọ ní ọdún kan náà, owó tó wà ní báńkì sì ń dín kù lágbára nígbà tí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé ń gbówó lérí.

Nípa àwọn ayálégbé, òfin kò gbà kí onílé fi ipá lé ènìyàn jáde. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún sì ní ẹ̀tọ́ sí ti oṣù mẹ́fà. Ìwé ọlọ́jọ́ méje ni yóò tẹ̀ lé e kí ẹjọ́ tó dé kóòtù. Kí onílé yọ páànù kúrò lórí ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ lòdì sófin, ìwà ìkà sì ni lójú mi. Bákan náà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń kó sínú yàrá yín. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìbúgbàmù kan ba ilé púpọ̀ jẹ́ ní Bódìjà, ó sì gba ẹ̀mí; gómìnà ìpínlẹ̀ sọ pé àwọn tó ń wa kùsà lọ́nà àìtọ́ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó wà lókè òkun, tí kò ní ẹni tó fọkàn tán tí yóò máa wọ inú ilé náà lóòrèkóòrè, kò tíì ṣe tán láti ra irú ilé yìí.

Èrè ibẹ̀ kò pariwo, àmọ́ ó dájú fún ẹni tó bá tọ́jú ilé. Yemẹtu sún mọ́ UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, ìgbà gbogbo ni àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké àti àwọn ọlọ́jà tó ń ná Bẹ́ẹ̀rẹ̀ sì ń wá yàrá tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bí ayálégbé kan bá kó jáde nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, mẹ́sàn-án yòókù ṣì ń sanwó. Ẹni tó ní fúláàtì kan ṣoṣo kò ní irú ìtura bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń kì Ìbàdàn pé kì í gbe onílé bí àjòjì, mo sì ti rí i pé òótọ́ ni, nítorí àwọn ọmọ agbo ilé tó ta ilé náà fún wa ló ń bá wa ṣọ́ ọ, tí wọ́n sì ń pè wá bí páànù bá ṣí. Kí a tó fi kọ́bọ̀ kan kún owó ilé, a kọ́kọ́ gbẹ́ kàǹga jinlẹ̀ sí i, a sì kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi dípò ṣáláńgá. Nígbà tí a fi díẹ̀ lé owó náà lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó bá wa jà, yàrá tó bá sì ṣófo nísinsìnyí, àwọn ayálégbé fúnra wọn ló ń mú ẹbí wọn wá gbà á kí a tó ránṣẹ́ sí ajẹ́ntì.